Ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ tàbí ti ọjọ́ márùn-ún: èwo ló yẹ àǹtí mi?

Mofólúwakẹ́_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àǹtí mi ni mo gbé wá. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, ẹni ọdún 61, London níbí ni wọ́n ń gbé. Wọ́n lọ ya fọ́tò ọmú tí ìjọba máa ń pe àwọn obìnrin sí lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n bá ti pé 50, ni wọ́n bá rí kókó kékeré kan ní ọmú òsì, kò ju sẹ̀ńtímítà kan àtààbọ̀ lọ. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí láàbù, jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní kò tíì rìn jìnnà. Wọ́n á yọ kókó náà, ọmú á wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù, fún ọjọ́ márùn-ún.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń kì bọ inú ọmú nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, téèyàn bá fi máa jí, ó ti parí. Àǹtí mi ti fàáké kọ́rí pé èyí làwọn fẹ́. Ṣé irú ẹ̀rọ yẹn wà lóòótọ́? Ṣé ó dáa ju ti ọjọ́ márùn-ún lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Mi ò rí oorun sùn.

Bàbá_Wálé

Olúwa á wò wọ́n sàn. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n gé gbogbo ọmú náà kúrò kí ọkàn gbogbo yín lè balẹ̀. Ẹni ọdún 61 kò fọ́mọ lọ́mú mọ́. Kí ni wọ́n tún ń dá sí?

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ ǹ lẹ́ sà, Bàbá Wálé. Iṣẹ́ ìtànṣán ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń to àwọn aláìsàn sórí tábìlì tí mo sì ń tan ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n gígé gbogbo ọmú kò fi kún ọjọ́ orí ẹni tí kókó rẹ̀ kéré báyìí. Dókítà Bernard Fisher àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti wádìí rẹ̀. Wọ́n pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n gé ọmú àwọn kan pátápátá, wọ́n yọ kókó nìkan fún àwọn kan, wọ́n yọ kókó fún àwọn yòókù wọ́n sì fi ìtànṣán kún un. Nígbà tí àbájáde ogún ọdún jáde lọ́dún 2002, ẹ̀mí àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn bákan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé láàárín àwọn tí wọ́n yọ kókó fún láìsí ìtànṣán, ìdá 39.2 nínú 100 ni jẹjẹrẹ tún yọ lára ọmú kan náà. Láàárín àwọn tó gba ìtànṣán, ìdá 14.3 ni. Ìtànṣán ló jẹ́ kéèyàn lè dá ọmú sí láìfòyà. Ẹni ọdún 61 náà ṣì fẹ́ràn ara rẹ̀, sà.

Mofólúwakẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n sọ fún àǹtí yín wà lóòótọ́, London níbẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Jayant Vaidya, Michael Baum àti Jeffrey Tobias ló gbé ìlànà náà kalẹ̀ ní University College London, ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1998 ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí jẹjẹrẹ bá máa padà wá, ìtòsí ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà ló sábà máa ń gbà yọ. Wọ́n ní kí ló dé tá a fi ń tan iná sí gbogbo ọmú, tó fi ń kan ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà, nígbà tó jẹ́ pé ojú kan ni ewu wà?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníṣẹ́ abẹ á yọ kókó náà tán, ihò á kù níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀, láti sẹ̀ńtímítà 1.5 títí dé 5. Wọ́n á mú èyí tó bá ihò náà mu, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi òwú ran ẹran ara yí i ká, wọ́n á fà á pọ̀ bí a ṣe ń fa okùn ṣòkòtò, kí ẹran ọmú lè lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù náà níbi gbogbo. Awọ ara nìkan ni wọn kì í jẹ́ kó kàn án, kó má bàa jó. Ẹ̀rọ á wá ṣiṣẹ́ fún ogún sí àádọ́ta ìṣẹ́jú, aláìsàn ò ní mọ nǹkan kan torí ó ṣì wà lójú oorun. Ìtànṣán tó wà lójú bọ́ọ̀lù náà tó 20 Gray (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán nìyẹn), ṣùgbọ́n kó tó wọ inú ẹran dé sẹ̀ńtímítà kan, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 5 sí 7. Orúkọ ẹ̀rọ náà ni Intrabeam, iléeṣẹ́ Zeiss ti Jámánì ló ń ṣe é.

Mofólúwakẹ́_Peckham

Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí Àdùkẹ́. Ó wá ń yà mí lẹ́nu. Bó bá jẹ́ London ló ti bẹ̀rẹ̀, tó sì dáa tó báyìí, kí ló dé tí dókítà wọn ò fẹnu kàn án rárá?

Akin_Houston

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Físíìsì ìtànṣán ni iṣẹ́ mi, àwa là ń ṣírò iye tó yẹ kó lọ sára àti ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ẹ̀rọ linac, èyí tó ń tan ìtànṣán láti ìta ní ilé ìwòsàn ńlá, ń lo agbára tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà fóltì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ògiri kọnkéré nípọn yí i ká. Intrabeam ò ju 50,000 fóltì lọ. Àìlágbára rẹ̀ yẹn gan-an ló wúlò, torí kò lè rìn jìnnà, wọ́n sì lè lò ó nínú yàrá iṣẹ́ abẹ lásán. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lè rìn jìnnà ò lè pa ohun tó bá fara pa mọ́ síbi tó jìnnà. Orí èyí ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé.

Ìwádìí tó tóbi jù lórí rẹ̀ ni TARGIT-A. Láti ọdún 2000 dé 2012 ni wọ́n fi gba àwọn obìnrin wọlé, ẹni 45 ọdún sókè, tí kókó wọn jẹ́ ẹyọ kan, tí kò sì ju sẹ̀ńtímítà 3.5 lọ. Nínú 1,140 tí wọ́n pín sí ti orí tábìlì, 24 ni jẹjẹrẹ padà sí ọmú wọn láàárín ọdún márùn-ún. Nínú 1,158 tí wọ́n pín sí ìtànṣán gbogbo ọmú, 11 ni. Ìyẹn ìdá 2.11 nínú 100 sí ìdá 0.95. Ó kéré lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọọgba.

Nǹkan mìíràn tí ará ṣọ́ọ̀ṣì ò sọ ni pé èsì láàbù lórí kókó tí wọ́n yọ kì í jáde lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Bí èsì bá wá fi hàn pé jẹjẹrẹ náà le ju bí wọ́n ṣe rò, tàbí pé ó ti dé abẹ́ abíyá, aláìsàn á tún padà wá gba ìtànṣán gbogbo ọmú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀ fún nínú ìwádìí yẹn. Ẹ má jẹ́ kí àǹtí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ìdánilójú pé bí àwọn bá ti jí, ó parí nìyẹn.

Àwọn ará Ítálì náà ṣe tiwọn ní Milan, lábẹ́ Umberto Veronesi tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ọmú. Electron, irú ìtànṣán mìíràn, ni wọ́n lò, 21 Gray lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi àwo irin sẹ́yìn ẹran ọmú kí ó má bàa kan àyà. Obìnrin 1,305 ni. Lẹ́yìn ọdún 15, ìdá 12.6 nínú 100 ni jẹjẹrẹ padà wá bá, ti àwọn tó gba ìtànṣán gbogbo ọmú sì jẹ́ ìdá 2.4. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni o, ọ̀nà tí wọ́n gbà yan aláìsàn náà ò le tó ti London, kí a má kó wọn pọ̀. Àmọ́ ó ti kọ́ wa pé ọdún mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò tó láti fi yọ̀.

Ní ti ìbéèrè yín: NICE, àjọ tó ń pinnu ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba Bìrìtìkó, á náwó lé, sọ ní oṣù kìíní ọdún 2018 pé wọn ò fọwọ́ sí Intrabeam fún ìlò gbogbogbòò. Ibi tí ẹ̀rọ náà bá ti wà tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè máa lò ó, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀ffà

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Akin, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan lẹ sọ. Nínú ìwádìí kan náà, tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2020, àwọn tí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọmú pa jẹ́ 45 ní ti orí tábìlì, wọ́n sì jẹ́ 74 ní ti gbogbo ọmú. Àìsàn ọkàn, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ ibòmíràn. Kí ni àǹfààní pé jẹjẹrẹ ò padà sí ọmú mi tí ọkàn mi bá wá dákẹ́?

Ẹ tún wo ti ìrìn àjò. Ìyá ìyàwó mi ń gbé lórí òkè ní Wales. Kí wọ́n tó dé ibi tí linac wà, ọjọ́ ti lọ. Irú wọn ni ẹ̀rọ yìí wà fún, ẹnì kankan ò sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Akin_Houston

Òótọ́ lẹ sọ, Ọmọ Ọ̀ffà, iye yẹn wà níbẹ̀, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Baum àti Vaidya náà ti fi ohùn rara sọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ aláìsàn ni kó gbọ́ nípa rẹ̀ kó sì yàn fúnra rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí èyí. Ká gbọ́ ká má yàn án yàtọ̀ sí ká má tilẹ̀ gbọ́.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wé e nígbà náà: ìtànṣán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ogún ọdún sẹ́yìn. Ìtànṣán àtìta náà ò dúró sójú kan. Lóṣù kẹrin ọdún 2020, ìwádìí FAST-Forward jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ẹni 4,096 láti ilé ìwòsàn 97 ní Bìrìtìkó. Wọ́n fi 40 Gray ní ìgbà 15 wé 26 Gray ní ìgbà 5 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, jẹjẹrẹ padà wá ní ìdá 2.1 nínú 100 fún ti ìgbà 15, ìdá 1.4 fún ti ìgbà 5. Kòrónà ti gbòde nígbà náà, gbogbo ilé ìwòsàn ń wá bí aláìsàn á ṣe dín ìwọlé-wọ̀de kù, kíá ni wọ́n gbà á. Ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n sọ fún àǹtí Mofólúwakẹ́ nìyẹn.

Wọ́n sì lè fojú sun ibi kan láti ìta náà. Ìwádìí IMPORT LOW ní Bìrìtìkó, obìnrin 2,018, tan ìtànṣán sí apá ibi tí kókó wà nìkan fún àwọn kan, kò sì burú ju ti gbogbo ọmú lọ. Ní Florence, wọ́n fún apá kan ọmú ní 30 Gray ní ìgbà márùn-ún, àbájáde ọdún mẹ́wàá rẹ̀ dára. Wọ́n ti rí èsì láàbù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń méfò. Tí mo bá ní ẹ̀gbọ́n tí kókó rẹ̀ rí báyìí, èyí ni mo máa ní kó béèrè. Fún ìyá ìyàwó yín ní orí òkè, ó ṣeé ṣe kí ti orí tábìlì sàn jù.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá

Mo ti ń kà á láti àná. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé, wọ́ọ̀dù ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni mo wà. Inú mi dùn sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, àyà mi sì ń já.

Kókó sẹ̀ńtímítà kan àtààbọ̀. Ẹ jẹ́ mọ̀ bó ti pẹ́ tó tí mo fojú kan irú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé wá bá wa, kókó ti bẹ́ sí awọ ara, wọ́n ti fi aṣọ mẹ́ta dì í, wọ́n ti fi lọ́fínńdà bo òórùn rẹ̀. Wọ́n ti dé ilé àdúrà, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ alágbo, ọkọ ti ní kí wọ́n dúró ná. Kò sí bọ́ọ̀lù kékeré tó lè ran irú wọn lọ́wọ́. Wọ́n á gba oògùn kímò, wọ́n á gé ọmú, lẹ́yìn náà ìtànṣán ńlá tó máa kárí àyà àti abẹ́ abíyá.

Ìtànṣán ńlá yẹn gan-an ni ìjàkadì wa. Ibùdó NSIA-LUTH tó ṣí ní Ìdí-Àràbà lọ́dún 2019 ti yí nǹkan padà púpọ̀, ẹ̀rọ tòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bá aláìsàn kan lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, ó gba ìtànṣán dé ìdajì, ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n ní ká máa lọ, àwọn á pè wá. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìtànṣán bá já láàárín, èyí tó ti kú ti kú, èyí tó kù á máa dàgbà padà.

Ohun tí mo bá yín mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbà tó dín kù. Ìyá tó ti Ṣakí wá, tó gba yàrá sí ìtòsí ilé ìwòsàn, tó ń san owó yàrá, tó ń san owó ọkọ̀, tó ń san owó ìtànṣán látapò ara rẹ̀: ìgbà 25 yàtọ̀ sí ìgbà 15, 15 sì yàtọ̀ sí 5. Owó ló ń mú púpọ̀ nínú wọn sá lọ kí wọ́n tó parí. Ẹ̀rọ kan tó ń tọ́jú ẹni kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún á tọ́jú ẹni márùn-ún lásìkò kan náà. Èyí ni mo fẹ́ kí ìjọba wa gbájú mọ́, pẹ̀lú iná tí kì í lọ àti àwọn onífísíìsì bíi Akin tí ò ní sá lọ sí Houston. Ẹ má bínú.

Akin_Houston

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bínú, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un: ti ìgbà 5 yẹn, àwọn tí kò nílò ìtànṣán abẹ́ abíyá ni àbájáde ọdún 2020 sọ̀rọ̀ lé. Fún àwọn aláìsàn tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe, ti ìgbà 15 lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ìwádìí START B ní Bìrìtìkó ti fi hàn tipẹ́ pé 40 Gray ní ìgbà 15 kò kéré sí 50 Gray ní ìgbà 25. Ẹ gbé e lọ bá àwọn dókítà yín, bí wọn ò bá tíì máa lò ó.

Bàbá_Wálé

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọbìnrin mi á lọ ṣe àyẹ̀wò lóṣù yìí.

Mofólúwakẹ́_Peckham

A ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn wọn ò ní Intrabeam. Ó ní tí àǹtí bá fẹ́, òun á kọ̀wé sí ibi tó wà, kò sì bínú pé a béèrè. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ rí: pé fún àwọn tó ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí jẹjẹrẹ wọn kò le, tí họ́mọ̀nù ń bọ́ ọ, àwọn míì lè má gba ìtànṣán rárá tí wọ́n bá ń lo oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù déédéé. Ìwádìí kan tó ń jẹ́ PRIME II: lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, jẹjẹrẹ padà wá ní ìdá 9.5 fún àwọn tí kò gbà á, ìdá 0.9 fún àwọn tó gbà á, ṣùgbọ́n iye àwọn tó wà láàyè kò yàtọ̀. Àǹtí mi ò tíì tó 65, wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ fi ìdá mẹ́sàn-án tayo. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ ọkàn tí Ọmọ Ọ̀ffà sọ ló ń dẹ́rù bà wọ́n báyìí, torí ọmú òsì ni.

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀, a ní ohun tí a ń ṣe sí i. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí: ìwádìí Sarah Darby àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2013, lórí àwọn obìnrin Sweden àti Denmark, fi hàn pé gbogbo Gray kan tó bá kan ọkàn ń fi ìdá 7.4 nínú 100 kún ewu àìsàn ọkàn. Ìyẹn ló mú ká fọwọ́ pàtàkì mú un.

A máa ń ní kí aláìsàn mí sínú dáadáa kó sì dá èémí dúró. Ẹ̀dọ̀fóró á kún fún afẹ́fẹ́, ọkàn á sún kúrò lẹ́yìn ọmú, ìgbà yẹn la máa tan ẹ̀rọ. Bíi ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni, wọ́n á mí, wọ́n á tún ṣe é. Kámẹ́rà ń wo àyà wọn ní gbogbo ìgbà náà. Bí wọ́n bá mí lójijì tàbí wọ́n wúkọ́, ìtànṣán á dúró. Kí wọ́n máa dán an wò nílé báyìí lórí ibùsùn, ọwọ́ méjèèjì lókè orí. Ẹ̀yìn kí ó má gbé kúrò lórí ibùsùn o, àyà ló yẹ kó wú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Àwọn àmì dúdú kékeré tá a máa ń fi abẹ́rẹ́ ṣe sára, ká lè to aláìsàn sójú kan náà lójoojúmọ́, kì í hàn dáadáa lára wa tá a jẹ́ adúláwọ̀. Bí ilé ìwòsàn wọn bá ní kámẹ́rà tó ń wo ojú awọ, wọ́n lè má nílò àmì rárá. Kí wọ́n béèrè.

Akin_Houston

Ẹ̀rọ kan tún wà níbí tí wọ́n ń pè ní GammaPod, Cedric Yu ló ṣe é ní University of Maryland, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i lọ́dún 2017. Aláìsàn á dojú bolẹ̀, ọmú á rọ̀ sínú ife kan tó fà á mọ́ra kó má lè mira, ìtànṣán kóbáàtì á wá yí i ká láti ọ̀nà púpọ̀. Àyà àti ọkàn wà lókè, wọn ò sí lójú ọ̀nà. Ibi tó wà ò pọ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa sá kiri nítorí rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Tottenham

Awọ ara ńkọ́? Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé á pọ́n. Kò pọ́n, ó dúdú ni, ó sì ń ta á bí iná. Nígbà tó sọ, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Àdùkẹ́_Leeds

Ó dùn mí láti gbọ́ èyí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Pípọ́n kì í hàn lára wa. Kí àǹtí Mofólúwakẹ́ ya fọ́tò ọmú méjèèjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé e. Ohun tí wọ́n á máa ṣọ́ ni dídúdú, gbígbóná, yíyún àti líle awọ, pàápàá lábẹ́ ọmú àti ní abíyá. Ó máa ń le jù ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti parí, nígbà tí wọ́n ti wà nílé, nítorí náà kí wọ́n má rò pé àwọn ti bọ́. Ọṣẹ tí kò le, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n má fi kànìnkànìn ha á. Ìpara lásán tí kò ní lọ́fínńdà. Tí wọ́n bá fẹ́ máa lo òrí, kí wọ́n fi han nọ́ọ̀sì kọ́kọ́. Bùrèsíà tó ní wáyà, kí wọ́n gbé e tì ná. Tí awọ bá ya tàbí omi bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀, kí wọ́n pè lọ́jọ́ náà gan-an, nọ́ńbà wà lára ìwé tí a máa fún wọn. Tí nọ́ọ̀sì bá ní òun ò rí nǹkan kan, kí àǹtí ní kó fọwọ́ kàn án, kó sì kọ ọ́ sínú fáìlì.